Oògùn tí a fi sílé nítorí ìrìn àjò

Púpọ̀ nínú yín ti rí fọ́tò tí a yà lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, ẹ sì ń bi mí pé kí ló dé tí ọ̀kan nínú wa fi jókòó sílẹ̀ tó gbé orí lé èjìká mi. Mo ní màá sọ ọ́ nígbà tó bá gbà mí láyè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ní kí n sọ ọ́ báyìí.

Àwa márùn-ún ni. A ti ń dá àjọ fún ìrìn àjò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó wà ní Kánádà ló dá a sílẹ̀: ó ń fi fọ́tò òkè tí yìnyín bò ránṣẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò, àpò lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní, “Àwa náà ní òkè, a ní òkun. Kí ló ń ṣe wá?” A bá pinnu pé a ó lọ sí Ìdànrè, lẹ́yìn náà a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ogun Waterside lọ wo omi.

A kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní agogo mẹ́fà àárọ̀, a gbé àwọn méjì ní Àgọ́-Ìwòyè, a gba Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí ọ̀nà Benin. A dé Ọ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí a dúró. A gba Oǹdó títí a fi dé Àkúrẹ́, kò sí ẹni tó ní òun fẹ́ tọ̀. Ó lé ní wákàtí márùn-ún. Inú mi tilẹ̀ dùn, mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn obìnrin yìí le. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó yẹ kí ó ti fu mí lára.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gun òkè. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ 667, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ní ibi ìsinmi kejì, ọ̀rẹ́ wa tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì di irin mú, ó ní orí òun ń lù kìkì bí ẹni ń gúnyán nínú rẹ̀, ojú òun sì ń ṣú. A mú un jókòó. Ẹ̀rọ BP mi kì í kúrò nínú àpò mi. Mo wọ̀n ọ́n, mo jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú mélòó kan, mo tún un wọ̀n: 196 lórí 112.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ lo oògùn yín?”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì mi, mo fi í sílé. Láti àná ìjẹta ni mi ò ti lò ó. Mo fẹ́ gbádùn ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má máa wá igbó tí màá tọ̀ sí bí ewúrẹ́.”

Ọ̀kan nínú wa ti ń tú àpò, ó ní kí Ìyá Ìbejì gbé oògùn tòun mì, pé ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni. Mo ní rárá. Oògùn yín kì í ṣe oògùn ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ga bẹ́ẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, ó lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá tí a ń sá fún gan-an. A di í mú lápá méjèèjì, a ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń jókòó, títí a fi dé ìsàlẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wo ọkàn rẹ̀, wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì. Orí kó o yọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bi àwọn tó kù léèrè. Nínú àwa márùn-ún, ẹni méjì ló fi oògùn sílé. Èmi ńkọ́? Èmi lo tèmi, ṣùgbọ́n omi tí mo mu láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àkúrẹ́ kò kún ife kan. Ìdí kan náà ni: mi ò mọ ibi tí màá tọ̀ sí. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà pé kí wọ́n máa mu omi. Ojú tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Ìyá Ìbejì fi sílé. Oògùn méjì ni. Ọ̀kan ni Moduretic, èyí tí a ń pè ní oògùn omi. Ó ń mú kí kíndìnrín ti iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù jáde nínú ara, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tọ̀. Èkejì ni amlodipine. Ìyẹn kì í mú ni sáré lọ tọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń dẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé inú ọ̀rá kan náà ni méjèèjì wà, ó fi méjèèjì sílẹ̀! Bí oògùn omi bá ń dà yín láàmú lójú ọ̀nà, ẹ lọ bá dókítà yín kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, kí ó bá yín wo wákàtí tí ẹ lè lò ó. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Bí ẹ bá sì gbàgbé ti àná, ẹ má ṣe lo méjì lónìí láti fi dí i.

Ti omi. Àìmu omi nínú oòrùn máa ń mú òòyì wá, inú a sì gan. Ní ti ìtọ̀ tí a ń mú mọ́ra, kòkòrò máa ń rí ayé bí sí i nínú àpò ìtọ̀, pàápàá jù lọ lára àwa obìnrin. Ẹni tí dókítà ti sọ iye omi tí yóò máa mu fún, nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó dúró lórí iye yẹn o.

Ohun kan tún wà tí mo rò lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí oorun kò fi kùn mí. Ẹni tí kò sọ̀ kalẹ̀ tọ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀ rìn. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde: ẹni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìrìn àjò, ìbáà ṣe bàálù, bọ́ọ̀sì, tàbí mọ́tò, ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó ṣì kéré, bí ẹnì kan nínú 6,000. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó sanra gan-an, aboyún, ẹni tó ń lo àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú díẹ̀, ó lè jẹ́ ìjókòó pípẹ́, amlodipine náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú, tí ẹ̀yìn ojúgun gbóná, tó ń dùn yín, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná àti àbóníkì wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè ṣí kúrò níbẹ̀ kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èémí tó kúrú lójijì tàbí àyà tó ń dunni, kíákíá ni o.

A kò lọ wo omi mọ́ nígbà yẹn, ilé la gbà lọ. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù kan, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ní àjọ òun kò lè ṣòfò. Lọ́tẹ̀ yìí, a bá dírẹ́bà sọ ọ́ kí a tó gbéra: láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, a ó dúró, ẹni tó fẹ́ tọ̀ a tọ̀, ẹni tí kò fẹ́ a rìn. A gbé ike onídérí kan, ìró méjì tí a fi ń ṣe aṣọ ìkélé, omi àti ọṣẹ. Ilé epo, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, a béèrè níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó lé wa.

Ní Abígí, ìyá àgbà kan jẹ́ kí a lo ṣalángá rẹ̀. Ó bi wá léèrè ìdí tí a fi ń béèrè láìtijú bẹ́ẹ̀, a sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun náà kì í mu omi lọ́jọ́ tí òun bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà, òun kì í sì í lo oògùn. Mo yọ ẹ̀rọ mi: 178 lórí 98. A kò kúrò níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi ṣèlérí fún wa pé òun máa mú un lọ sí ilé ìlera lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Ìwópìn. Ọ̀sà lọ salalu níwájú wa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn apẹja ń palẹ̀ àwọ̀n mọ́. Mo wọn Ìyá Ìbejì lábẹ́ igi: 136 lórí 84. Ó jókòó, ó mu omi inú ọ̀rá kan tán, ó wo omi náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

“Nọ́ọ̀sì mi, mo tún fẹ́ tọ̀.”

Dírẹ́bà ti dìde, ó ń gbé ike bọ̀.