Bọ́ọ̀lù Abẹ́ Òrùlé ní Ilẹ̀ Jàpáánì

Láti Tokyo dé Nagoya, rélùwéè tí ó yára jùlọ ní Jàpáánì kì í lò tó wákàtí méjì. Ìlú iṣẹ́ ni Nagoya. Nítòsí rẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ Toyota wà, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò wa fi ń kó ẹrù. Àlejò tí ó bá débẹ̀ a lọ wo ilé olódi àtijọ́ tí ẹja wúrà méjì wà lórí òrùlé rẹ̀, a ya àwòrán, a sì padà sílé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ìlú yìí lè fi yangàn, tí àlejò kì í sábà béèrè: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ń jẹ́ Nagoya Oceans. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe ti orí pápá koríko. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá a, futsal ni wọ́n sì ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà nínú wọn. Ilẹ̀ dídán ni wọ́n ń gbá a lé, gígùn rẹ̀ tó mítà 40, ìbú rẹ̀ tó 20. Bọ́ọ̀lù náà kéré, kì í sì í ta sókè bí tiwa. Ogún ìṣẹ́jú ni apá kan, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti jáde, aago á dúró dè é. Nítorí náà kò sí àyè fún ẹlẹ́tàn tí yóò dùbúlẹ̀ kí àkókò lè lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì ṣẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ ní apá kan, ẹnìkejì yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ sí àwọ̀n wọn láìsí ẹni tí yóò to ara wọn bí ògiri dí i lọ́nà. Juan Carlos Ceriani, olùkọ́ kan ní Urugúáì, ni ó dá eré náà sílẹ̀ ní 1930. Inú mi dùn pé olùkọ́ ni.

Kí ló dé tí ó fi bá àwọn ará Jàpáánì lára mu? Òkè ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn, ilé sì ti gba èyí tí ó tẹ́jú. Pápá ńlá wọ́n ní àárín ìlú. Wọ́n a máa ṣe pápá kékeré sórí òrùlé ilé ìtajà pàápàá, wọn a sì máa yá a fún ènìyàn ní wákàtí-wákàtí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akọ̀wé á bọ́ táì rẹ̀, á wọ ṣòkòtò péńpé, á sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lábẹ́ iná mànàmáná.

Ní 2007 ni wọ́n dá líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, F.League ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn káàkiri nígbà náà yóò rìn jìnnà: Hanamaki ní àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù, Urayasu àti Machida lẹ́bàá Tokyo, Shonan ní etí òkun, Nagoya, Osaka, Kobe tí í ṣe ìlú èbúté, títí dé Oita ní erékùṣù Kyushu, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìlú wọn, a kì í wọ bàtà ìta wọlé, ẹ mú sálúbàtà dání.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nagoya ni ẹgbẹ́ tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gba owó oṣù lórí bọ́ọ̀lù nìkan. Nínú àwọn ẹgbẹ́ yòókù, ọ̀pọ̀ ni ó ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń bọ́ ọ: ẹlòmíràn ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn wà ní ọ́fíìsì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá sì tán ni ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti fi òru kàwé fún ìdánwò rí mọ irú àárẹ̀ yìí. Ẹni tí ó sinmi lọ́sàn-án àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, báwo ni wọn yóò ṣe jọ sáré dọ́gba? Ọdún mẹ́sàn-án léra ni Nagoya fi gba ife líìgì, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ti 2015 sí 2016. Wọ́n tilẹ̀ mú Ricardinho wá láti Pòtúgà, ẹni tí kò sí olùfẹ́ futsal tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 2011, 2014, 2016 àti 2019 wọ́n gba ife àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Éṣíà.

Àwọn kan lè wí pé owó ló ba eré jẹ́. Èmi kò ní bá wọn wí i. Ẹni tí ó san owó alágbàṣe rẹ̀ pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àìrówó san àwọn yòókù ni ó yẹ kí a ro. Orílẹ̀-èdè wọn sì jẹ nínú èrè náà. Kaoru Morioka, agbábọ́ọ̀lù Nagoya, ọmọ Jàpáánì tí a bí ní Pèrú, wọ aṣọ Jàpáánì ní ìdíje àgbáyé ti 2012 ní Thailand. (Bí àwọn Àgùdà ṣe padà sí Èkó ni púpọ̀ nínú ọmọ Jàpáánì ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe padà sílé bàbá wọn.) Kazuyoshi Miura náà wà níbẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ bọ́ọ̀lù orí pápá, ọmọ ọdún 45. Ní January ọdún kan náà ni ó ti gbá eré kan nínú líìgì yìí fún ẹgbẹ́ Hokkaido, kí gbogbo ayé lè wò ó.

Ta ni ó wá dá Nagoya dúró? Osaka ni, ìlú ọjà. Ìkíni àtijọ́ wọn tí gbogbo Jàpáánì mọ̀ ni, “Ṣé èrè ń wọlé?” Ìdáhùn rẹ̀ ni, “Díẹ̀díẹ̀ ni.” Àwọn ìyálọ́jà wa yóò gbé Osaka láìlo ògbufọ̀. Shriker Osaka, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, ti ń wo ẹ̀yìn Nagoya láti 2007. Ní ìdíje 2016 sí 2017, wọ́n gba ife náà lọ́wọ́ wọn. Ó ti di ọdún kẹwàá kí ìlú mìíràn tó fọwọ́ kàn án.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Nagoya gbà á padà.