Kí ẹ tó ra treadmill sílé, ẹ kọ́kọ́ wọn ilé yín

1/ Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fídíò Màámi lórí treadmill síbí, DM mi ò sinmi mọ́. "Èló ni?" "Irú wo ni?" "Ṣé ó máa wọ yàrá mi?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló gbọ́n jù. Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀. Mi ò kì í ta treadmill o, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó fún mi láti kọ èyí.

2/ Kókó ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ èyí tó burú jù nílé yín. Iná tí ẹ ní, àyè tí ẹ ní, ẹni tó ń gbé lábẹ́ yín, àti orúnkún ẹni tó fẹ́ lò ó. Ẹ mọ mẹ́rin yìí ná, kí ẹ tó mọ iye owó. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pariwo lórí Instagram máa yọ ara rẹ̀ kúrò.

3/ Kí ló dé tí mo fi ń wá treadmill? Màámi ń tajà ní ọjà Ìkòtún, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló kọjá 140/90. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Rọpárọsẹ̀ ló mú Bàámi lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré nílé wa.

4/ Dókítà kọ oògùn, wọ́n sì ní kí Màámi máa rìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 150 ìṣẹ́jú, òun náà ni iye tí àjọ WHO ní kí àgbàlagbà má ṣe dín kù sí. Màámi ní, "Èmi tí mò ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìrìn wo ló tún kù?" Àmọ́ dídúró kì í ṣe rírìn o. Ìrìn tí wọ́n ń sọ ni èyí tó jẹ́ pé ẹ lè máa sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kọrin.

5/ "Ṣebí kí wọ́n rìn níta, ọ̀fẹ́ ni." Ìta wo? Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, àwa 1,277,714 ni wọ́n kà níbí, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan l'Ékòó tó pọ̀ tó wa. Nígbà tí ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní June 2022, tí wọ́n tún fi mẹ́rin kún un lọ́dún yẹn, tiwa ò sí níbẹ̀. Màámi ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ṣé kí ẹni ọgọ́ta ọdún máa fo kòtò, kí wọ́n tún máa yẹ̀ fún ọ̀kadà tó ń gba one-way bọ̀, nínú òkùnkùn? Rárá o.

6/ Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Houston. Wọ́n ní treadmill ńlá kan tí wọn ò lò mọ́, wọ́n ní àwọn máa fi sínú kọ̀ńténà. Inú Màámi dùn, wọ́n ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí wọn ká. Èmi wá di ẹni tó ń bá ẹ̀bùn jà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láti sọ pé "ẹ ṣeun mà, àmọ́ ẹ má fi ránṣẹ́." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ fún wọn.

7/ Èkíní, iná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Tí ẹ bá ki ẹ̀rọ ọ̀hún bọ iná wa lóòrùn lóòrùn, èéfín lẹ máa rí. Lóòótọ́, transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ eré sísá lè gba 1,500 watt, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Transformer tó máa gbé e láìgbóná gbọ́dọ̀ tóbi jùyẹn lọ dáadáa. Owó mìíràn nìyẹn, ẹrù mìíràn nìyẹn. Tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ wo àkọlé kékeré tó wà lára rẹ̀ níbi tí wáyà ti wọlé: 120V ni àbí 220–240V? Ti ìlú Ọba máa ń bá iná wa mu.

8/ "Ṣé kò ní jẹ owó iná tán?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ní April 2024, wọ́n gbé owó iná Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́, sókè sí 225 náírà fún unit kan (ó ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà). Ká ní ẹ̀rọ ìrìn jẹ 500 watt. Ìdajì wákàtí = ìdámẹ́rin unit = náírà 56 ó lé díẹ̀. Ọjọ́ 26 lóṣù ò tó 1,500 náírà. Ẹ rí i? Owó iná kọ́ ni wàhálà.

9/ Wàhálà ibẹ̀ ni: ìgbà wo ni iná ń dé? Tí ẹ bá wà ní Band D, wákàtí 8 ni wọ́n ṣèlérí. Tó bá jẹ́ òru ni wọ́n ń mú un wá, ta ló fẹ́ rìn ní aago méjì òru? Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àkókò tí iná ń dé ilé wa sínú fóònù mi. Láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà àárọ̀, ó wà ní ọjọ́ mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rọ oníná lè ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹ ṣe tiyín kí ẹ tó náwó.

10/ Ẹ má gbójú lé jẹnẹrétọ̀ kékeré o. "I better pass my neighbour" ò ju bíi 650 watt lọ. Ó lè gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ tí treadmill bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, ó máa ń fa iná ju bó ṣe ń fà nígbà tó bá ti ń lọ. Inverter kékeré náà máa ń pariwo lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Half current sì tún wà ńbẹ̀: tí iná bá lọ sílẹ̀ gan-an, mọ́tò á máa tiraka, á máa gbóná. Ẹ ra stabilizer tó tóbi ju agbára ẹ̀rọ yín lọ, kì í ṣe èyí tí ẹ ń lò fún fíríìjì.

11/ Lórí mọ́tò: wọ́n á kọ "4HP!" gàdàgbà sára páálí. Ẹ bi wọ́n, "Ṣé continuous ni àbí peak?" Peak ni agbára tó lè yọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Continuous ni èyí tó lè gbé títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀, òun ni kí ẹ gbà gbọ́. Fún ìrìn nìkan, bíi 1.5 sí 2 HP continuous tó. Fún sáré díẹ̀díẹ̀, 2.5. Fún eré gidi, 3 sókè. Màámi ò lọ sí Olympics, kí la fẹ́ fi 3 HP ṣe?

12/ Èkejì, àyè. Yàrá tó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ẹ̀rọ eré sísá lè gùn tó ẹsẹ̀ 6. Ó tún yẹ kí ẹ fi bíi mítà méjì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ 6 àbọ̀, nítorí ẹni tó bá yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń ju èèyàn sí. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ 12 àbọ̀. Yàrá òfìfo gan-an ò gbà á, ká tó wá sọ ti bẹ́ẹ̀dì! Ẹ̀rọ ìrìn tó gùn ní ẹsẹ̀ 4 àbọ̀ máa gba 11. Ẹ má jẹ́ kí "ó ń ká kò" tàn yín. Bó ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Mo fi tépù lẹ bí ó ṣe máa rí mọ́lẹ̀ ní pálọ̀, a sì ń rìn yí i ká fún ọjọ́ mẹ́ta.

13/ Ibẹ̀ la ti kan àga Bàámi. Àga elérò mẹ́ta, àtijọ́, òun ló wà níbi tí tépù gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú wa. Mo ti ń wò ó bóyá ká gbé treadmill sí fàráńdà, ṣùgbọ́n òjò, eruku àti olè wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Màámi fúnra wọn ló sọ ọ́: "Ẹ gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bàbá yín ò ní fẹ́ kí n tètè wá bá àwọn." A rẹ́rìn-ín, a sì gbé e. Mo ń sọ èyí nítorí pé nílé kékeré, treadmill kì í wọlé láìlé nǹkan kan jáde. Ẹ mọ ohun tó máa jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i.

14/ Pálọ̀ ló dáa jù lójú mi, torí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun ìjìyà ni treadmill tẹ́lẹ̀? William Cubitt, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló ṣe é fáwọn ẹlẹ́wọ̀n ní 1818, wọ́n á máa gun àgbá ńlá kan tó ń yí bí àtẹ̀gùn tí kì í tán. Ìrìn tí kò dé ibì kankan máa ń sú èèyàn. Ẹ gbé e sí yàrá ẹ̀yìn tó dá wà, ẹ ó rí i tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ sórí rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú fíìmù Yorùbá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á lọ.

15/ Ẹ̀kẹta, aládùúgbò. Tó bá jẹ́ òkè lẹ ń gbé, gbogbo ìṣísẹ̀ yín lórí treadmill ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́, gbì, gbì, gbì, ní aago márùn-ún àárọ̀. Ìrìn ò le tó eré. Rọ́bà tó nípọn lábẹ́ rẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa ariwo náà tán. Ẹ lọ kí wọn kí ẹ tó rà á, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló máa pe ìpàdé.

16/ Ẹ̀kẹrin, ara ẹni tó fẹ́ lò ó. Walking pad rẹwà, ó ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin ọmọ self-con lè gbé e yẹ̀ wò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ní ibi tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú. Àgbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ nílò irin ọwọ́. Èyí tí kò lo iná náà wà, ó sì rọ̀jú lówó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ló máa ti bẹ́líìtì, orúnkún tó ń dunni ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n tó lè gbé, kó ju ìwọ̀n yín lọ dáadáa. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ ní 40 sí 45 sẹ̀ǹtímítà tó fún ìrìn, eré fẹ́ bíi 50.

17/ Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ní May 2021, Peloton ní Amẹ́ríkà pe gbogbo Tread+ tí wọ́n ti tà padà, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà fa ọmọ ọdún 6 kan sábẹ́, tí ọmọ náà sì kú. Treadmill máa ń ní kọ́kọ́rọ́ ààbò tó ń so mọ́ aṣọ. Tí ẹ bá ṣubú, ó yọ, ẹ̀rọ á dúró. Ẹ so ó mọ́ aṣọ nígbà gbogbo. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé, ẹ sì yọ wáyà lára iná.

18/ Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ó dáa, tí ẹ bá lè dán an wò. Ẹ gun orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe kí ẹni tó ń tà á tan iná rẹ̀ fún yín lásán. Ṣé bẹ́líìtì ń yọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́? Ṣé ó ń rùn bí rọ́bà tó ń jó? Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń rí pátì rẹ̀. Tuntun àti àlòkù, epo silicone ni wọ́n ń fi sábẹ́ bẹ́líìtì, kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì o! Eruku àdúgbò wa pọ̀, ẹ máa nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

19/ Kí la wá rà? Ẹ̀rọ ìrìn onírin-ọwọ́, 220–240V, 2 HP continuous, ó ń ká kò. Ẹ̀gbọ́n mi bínú fún ọjọ́ méjì. Mo fi fótò tépù tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, mo ṣàlàyé ti iná, wọ́n sì fi owó kọ̀ńténà dá sí i. Màámi mú èyí tó kù wá látinú àjọ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 2.5 kìlómítà ní wákàtí. Wọ́n ti ń ṣe ọgbọ̀n báyìí. Ọjọ́ tí kò bá síná, èmi àti wọn jọ ń lọ bọ̀ nínú kóòsì wa tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Wọ́n ò fi oògùn sílẹ̀ o. Treadmill ò gba ipò dókítà.

20/ Ẹ má bi mí ní iye, iye oṣù tó kọjá kì í ṣe tòní. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni: ẹ kọ àkókò iná yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi tépù lẹ ilẹ̀, ẹ kí ará ìsàlẹ̀, ẹ bèèrè voltage àti continuous HP. Tí ìdáhùn bá ní treadmill ò wọ ilé yín, ẹ ti fi owó pa mọ́ nìyẹn, ẹ wá ibi tí ẹ máa rìn sí. Ta ló mọ pápá ilé-ìwé tí wọ́n ń ṣí fún aráàlú láàárọ̀ ní Ìgàndó tàbí Ẹgbẹ́dá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ìyá ẹlòmíì ń wá a.