Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Lórí Alùpùpù Bàbá Wa

Birmingham,
Ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

   

Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé o ti wọ́ Honda CG 125 Bàbá jáde láti ẹ̀yìnkùlé, pé o fẹ́ tún un ṣe kí o lè máa gùn ún lọ sóko. Inú mi dùn gan-an sí i. Wọ́n tún ní ẹnì kan ti ní kí o mú owó wá kí òun fi ọ̀dà tuntun kùn ún, kí òun sì fi kúróòmù pa irin rẹ̀ kó máa dán. Jọ̀wọ́, má tíì fún onítọ̀hún ní kọ́bọ̀. Owó ọwọ́ rẹ ò pọ̀, èyí tí èmi náà lè fi kún un ò tó nǹkan. Bí a bá fi ra dídán, kí la ó fi ra bírékì? Ohun tó ń mú máṣíìnì rìn àti ohun tó ń mú un dúró ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹwà lè dúró dìgbà tí owó bá dé.

Ní àdúgbò Small Heath, nínú ìlú tí mo wà yìí, ni wọ́n ti ń ṣe alùpùpù BSA láyé àtijọ́. Àwọn àgbàlagbà kan níbí ṣì ń gun èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju tèmi lọ. Ọ̀dà ara òmíràn ti ṣí, àmọ́ bí wọ́n bá ti tẹ kíìkì, ó dáhùn nìyẹn.

Ìwé ni kí o kọ́kọ́ wá. Bẹ Màmá kí wọ́n bá ọ wo inú àpótí Bàbá, kí o mú pátíkúlà máṣíìnì náà jáde, kí o sì fi nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ wé ti ara férémù àti ti ẹ́ńjìnì. Bí wọn ò bá bára mu, tàbí tí ìwé bá ti sọnù, ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn kí a tó náwó. Orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, a sì gbọ́dọ̀ yí i sí orúkọ rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, má sáré tẹ kíìkì. Ẹ́ńjìnì tó ti jókòó fún ọdún púpọ̀, inú rẹ̀ ti gbẹ. Bí o bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ríǹgì lè ha sílíńdà. Tú plọ́ọ̀gì, da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bíi ṣíbí kan sínú ihò rẹ̀, fi aṣọ tó mọ́ dí i, kí o jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, fi í sí jíà tó ga jù, kí o fi ọwọ́ rọra yí táyà náà. Bí ó bá gan, tún fi ọ́ìlì àti kẹrosíìnì sí i, kí o mú sùúrù. Má fi òòlù kàn án rárá. Tó bá ti ń yí, fi àtàǹpàkò dí ihò plọ́ọ̀gì kí ẹnì kan bá ọ tẹ kíìkì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò rẹ dànù, tó dún “pọ́!”, agbára ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ “fẹ̀ẹ́ẹ̀” lo gbọ́, ríǹgì tàbí fáàfù ló lẹ́jọ́, kí o pè mí kí o tó ṣí ẹ́ńjìnì.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé CG kì í ṣe ẹ́ńjìnì olóríkunkun. Ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde, fún irú ìlú tiwa tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun. Kò sí ṣéènì nídìí fáàfù rẹ̀. Ọ̀pá ló ń tì í. Púpọ̀ nínú máṣíìnì Ṣáínà tó kún ìgboro, àwòṣe ẹ́ńjìnì yìí ló wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí písítìn, ríǹgì àti kíláàṣì rẹ̀ fi ṣì wà lọ́jà, tí wọ́n ń kó o wá láti Nnewi. Síbẹ̀, mú ògbólógbòó tí o tú lọ́wọ́ lọ, kí o fi wọn tuntun, torí gbogbo wọn kọ́ ló bára mu. Sọ fún mẹkáníìkì pé 0.08 mm ni àlàfo fáàfù rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ọ́ìlì bíi lítà kan ló ń gbà. Má da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ o. Kì í ṣe irú Suzuki AX 100 tó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo.

Kí o tó tú ohunkóhun, fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Kó nọ́ọ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tirẹ̀, kí o kọ orúkọ sí i lára.

Epo àtijọ́ á ti dì sínú kàbúrétọ̀ bí oje igi. Fi epo tuntun fọ̀ ọ́, má sì ki abẹ́rẹ́ bọ ojú jẹ́ẹ̀tì. Bíràásì tí wọ́n fi ṣe é rọ̀, bí ihò yẹn bá fẹ̀ báyìí, epo ni yóò máa jẹ owó rẹ. Bí táǹkì bá dógùn-ún, da fínígà sí i kó sùn mọ́jú, kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí o mì ín dáadáa, fi omi ṣàn án, sá a kó gbẹ, kí o sì da epo sí i lọ́jọ́ náà kí ìdógùn-ún má padà. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, láìsí sìgá tàbí àtùpà nítòsí. Ní ti iná, wádìí bóyá 6 fóólìtì ni tàbí 12 kí o tó ra bátìrì àti gílóòbù. Àwọn CG àkọ́kọ́, 6 ni.

Àbúrò mi, ibi bírékì àti táyà ni mi ò ti ní gba àwíjàre. Má fi ẹnu fẹ́ eruku inú bírékì: ti àtijọ́ máa ń ní asbestos, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí o fi nù ún. Táyà tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ga, sọ ọ́ nù. Má ra táyà tòkúnbọ̀. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2018.

Torí náà, tuntun ni kí o ra táyà, tíúbù, bírékì ṣúù, wáyà bírékì àti ti kíláàṣì, plọ́ọ̀gì, àti ṣéènì pẹ̀lú sìpókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì. Mọ́gáàdì, iná iwájú àti ìbòrí ẹ̀gbẹ́, tòkúnbọ̀ tó dára tó. Fífọ̀ àti fífi sáńpépà ha ìpẹtà, ọwọ́ ara rẹ tó o. Má ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí Sátidé tó dé, fi fọ́tò ìwé, nọ́ńbà férémù àti ojú bírékì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí o sì sọ ohùn tí o gbọ́ lẹ́nu ihò plọ́ọ̀gì. Bí mo bá ti rí i, n ó fi owó táyà àti bírékì ránṣẹ́, pẹ̀lú ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbé ọ lọ sóko tó gbé ọ bọ̀ fún oṣù kan láìyọ ọ́ lẹ́nu, kí o wá pe ọlọ́dà.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú títì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.