Ewé Ara Ọṣẹ

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá jókòó ti iṣẹ́ òòjọ́ mi, èyí tí í ṣe kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ó jọ ti ewé àti ọṣẹ gan-an, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà òde òní ni a ń kọ ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní object-oriented. Object kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó mọ̀ àti iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Nínú ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àpò owó ọmọ ẹgbẹ́ kan lè jẹ́ object: ó mọ ẹni tí ó ni ín, ó mọ iye tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń yọ owó. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yìí ni à ń pè ní method.

Bí alága bá wá ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá yọ owó ńkọ́? Ṣé kí a tú method tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa palẹ̀ ni? Rárá o. A ó kọ òmíràn tí yóò bo ti àkọ́kọ́ bí ewé ṣe ń bo ọṣẹ, tí yóò sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ náà, ewé ni yóò kọ́kọ́ dáhùn: yóò kọ ọjọ́ àti iye owó sílẹ̀, yóò pe ọṣẹ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì gbé èsì ọṣẹ fún ẹni tí ó pè.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1966 ni Warren Teitelman ti kọ nípa irú rẹ̀ nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà, lórí èdè Lisp. Ní 2004, Python 2.4 fi àmì @ sí i, tí ó fi jẹ́ pé ìlà kan péré lókè method ti tó láti fi ewé bò ó. Nígbà tí ó di 2006, Python 2.5 mú functools.wraps wá, èyí tí ń da orúkọ àti àlàyé method àkọ́kọ́ kọ sára èyí tí ó bò ó. Ewé di ọṣẹ lóòótọ́!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dà wá láàmú. Ẹnìkan fi ewé bo method tí ń yọ owó, pé bí báńkì kò bá tètè dáhùn, kí ó tún pè é, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ire ni ó ní lọ́kàn. Kò pẹ́ tí ìyá aláta kan fi wọlé tọ̀ wá wá, ó ní: "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ mú owó mi." Owó tí ó fẹ́ fi ra ọjà ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìpè àkọ́kọ́ ti dé báńkì, owó sì ti kúrò. Èsì ni ó sọnù lọ́nà. Ewé rò pé iṣẹ́ kò tíì ṣe, ó bá tún pè. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi yẹ method náà wò tí a kò rí àléébù kan, nítorí àléébù kò sí lára ọṣẹ, ara ewé ni ó wà. A dá owó ìyá padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé bí nọ́ńbà kan náà bá tún padà dé, báńkì yóò mọ̀ pé òun ti ṣe é, kò sì ní yọ owó mọ́.

Bí ewé bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tún ṣọ́ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ewé kan lè máa béèrè pé, "Ta ni ọ́?" Òmíràn lè máa rántí èsì àná kí iṣẹ́ lè yá. Bí èyí tí ń rántí bá wà lóde, tí èyí tí ń béèrè wà nínú, ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ yóò gba èsì ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní orúkọ.

Ohun tí mo rí dì mú ni pé àmánà ni orúkọ jẹ́. Ẹni tí ó pe "yọ owó" kò mọ̀ pé ewé kankan wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ṣèlérí fún un ni ó ń retí. Nítorí náà, ewé gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ohun tí a fi rán an dé ọ̀dọ̀ ọṣẹ, kí ó dá èsì padà láìyọ nínú rẹ̀, kí ó má sì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó fi ewé bo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: bí iṣẹ́ yìí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò san án?