Táyà inú ló bẹ́, n'Ìyá Ìbejì bá lóun ò wọ mọ́tò ọkọ òun mọ́

Ilé la mọ̀ tó máa ń dúró sójú kan, mọ́tò la mọ̀ tó ń rìn. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé wọn gan-an ni wọ́n ń wà kiri. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà, fíríìjì wà, ibi ìwẹ̀ àti ilé ìtọ̀ náà wà níbẹ̀. Motorhome ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, rà nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún 27 ló fi ṣiṣẹ́ náà, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tókúnbọ̀ ni mọ́tò ọ̀hún, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 31. Ó ní òun àti ìyàwó òun ti fi ọ̀sán sùn tó, ó kù káwọn náà fojú rí ìlú táwọn ń gbé.

Ìrìn àjò kìíní ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni, wọ́n ń gba ọ̀nà I-10 lọ sí El Paso, wọ́n ti kọjá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ozona. Wọ́n kàn gbọ́ gbàmù lẹ́yìn ni, bí ẹni tó yìnbọn nínú ilé. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló bẹ́. Rọ́bà tó ń já kúrò lára ẹ̀ na abẹ́ mọ́tò, ó ya páìpù omi, omi sì ń da sílẹ̀ bí òjò. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi jókòó sínú oòrùn kí ẹni tó máa gbà wọ́n tó dé. Nígbà tí wọ́n padà délé, Ìyá Ìbejì sọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà sórí tábìlì, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ máa wà á lọ, èmi ò wọ ọ́ mọ́. N ò torí àtikú sẹ́bàá ọ̀nà wá sí Amẹ́ríkà.”

Ọdún méjì ni mọ́tò náà fi jókòó lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni mo ti bá a nígbà tí mo lọ kí wọn ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Bọ̀ọ̀dá mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ ló máa ń lọ nu gíláàsì ẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kì í yẹ táyà wò ni. Ló bá lọ gbé igi kan jáde. Ẹ̀yin náà ti rí àwọn fọ́kanáísà wa tó máa ń fi irin gbá táyà, tí wọ́n á tẹ́tí sí ìró ẹ̀, tí wọ́n á ní “ó gbé e.” Àṣé àwọn awakọ̀ àjàgbé Amẹ́ríkà náà ń ṣe é! Igi ni wọ́n ń lò. Bọ̀ọ̀dá mi fi igi ẹ̀ gbá táyà láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ́ yẹn. Igi máa ń sọ fún èèyàn pé táyà kan ti fẹ̀ pátápátá ni, kò mọ̀yàtọ̀ 80 sí 60. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn mọ́tò náà, táyà méjì-méjì ló so pọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, bí ìbejì. Ti inú ò ṣeé rí dáadáa, ọwọ́ ò sì tètè dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Tó bá ń jò, èkejì ẹ̀ ni yóò máa ru ẹrù tiẹ̀ mọ́ tara ẹ̀, mọ́tò ò ní fì, awakọ̀ ò sì ní mọ nǹkan kan. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ò tó nínú ẹ̀ yóò máa ká, yóò máa nà, yóò máa gbóná títí tí yóò fi fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba ibẹ̀ ò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ táyà o. Lọ́dún 2000, iléeṣẹ́ Firestone kó táyà mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ padà, nítorí pé wọ́n ń bọ́ ara sílẹ̀ lórí eré, pàápàá lẹ́sẹ̀ Ford Explorer, ẹ̀mí tó ju 200 ló sì bá a lọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin tuntun. Òfin náà ló jẹ́ kó di dandan, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, pé gbogbo mọ́tò kékeré tuntun gbọ́dọ̀ ní iná tí yóò tàn síwájú awakọ̀ tí afẹ́fẹ́ táyà bá ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ìwọ̀n òun àti ẹrù ẹ̀ ò ju 10,000 pọ́n-ùn lọ lòfin náà mú, kò sì mú èyí tó ní táyà ìbejì. Ti Bọ̀ọ̀dá mi jẹ́ 14,500 pọ́n-ùn, ó tún ní ìbejì lẹ́yìn. Òfin fò ó dá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ táyà irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, àfi kó fowó ara ẹ̀ rà á.

Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó wáá bá wa yan èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Akọ̀wé ló máa ń pè mí, torí kò lè pe orúkọ àbúrò ọkọ ẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti wáá bá ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀ mí ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá fa àga.

Mẹ́ta ni Bọ̀ọ̀dá mi kó sórí tábìlì. Èkíní ò ní ojú tiẹ̀, fóònù ni yóò máa ka afẹ́fẹ́ táyà fún èèyàn, òun ló sì pọ́kú jù. Ìyá Ìbejì ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní tí wọ́n bá pe fóònù náà lójú ọ̀nà ńkọ́, tí fóònù bá sì kú ńkọ́? Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tí Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ràn nìyí: sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ máa ń wà nínú táyà lọ́hùn-ún ni, wọ́n á dè é mọ́ rímù. Olè ò rí i, òkúta ò lè bà á, ó sì súnmọ́ ooru táyà gan-an. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tú táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí wọ́n tó lè fi sí i, wọ́n á sì tún un tú lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú. Ẹ̀kẹta ló dà bí ìdérí fáàfù tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ẹnu táyà, ó ní ojú kékeré tiẹ̀ tí wọ́n ń gbé síwájú awakọ̀. Èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀. Oríṣi kan wà nínú ìyẹn tí wọ́n lè fẹ́ táyà láì tú u, àmọ́ ó gùn, ó sì wúwo ju èkejì lọ.

Ìyá Ìbejì bi wá léèrè ohun tí èmi ò rò. Ó ní ṣé ojú ẹ̀ ń fi táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó pariwo kóun gbọ́. Wọ́n jẹ́ kó pariwo, ajá aládùúgbò gbó. Ó mú ẹ̀kẹta, èyí tó fúyẹ́.

Iṣẹ́ ò tíì parí o. Fáàfù rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò náà. Tí wọ́n bá lọ́ nǹkan mọ́ orí ẹ̀, bí táyà bá ṣe ń yí ni yóò máa fà á, rọ́bà náà yóò sì máa sán díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti gba táyà là ni yóò wáá tú afẹ́fẹ́ ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi onírin pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀ ni wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT lára táyà: 2314, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Táyà ọdún mẹ́wàá! Ó ṣì ń dán bí ẹni tó para. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ọjọ́ orí, owó ńlá ni Bọ̀ọ̀dá mi fi ra mẹ́fà tuntun lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé mọ́tò pẹ̀lú ẹrù lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn ọkọ̀ àjàgbé, wọ́n fi ìwọ̀n náà wé ìwé àwọn tó ṣe táyà, 75 PSI ló bọ́ sí. Ìkìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti kéré, 68 ni wọ́n fi sí. Wọ́n tún ra alárinà kékeré kan tó ń gba ohùn sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn wá síwájú, torí mọ́tò náà gùn.

Oṣù kẹwàá la gbéra. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ooru jẹ́ 72 ní ìwọ̀n Fahrenheit, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ka 75. Ìyá Ìbejì jókòó síwájú, ẹ̀rọ ló ń wò, kò wo ọ̀nà. A kọjá San Antonio, oòrùn mú, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: 80, 82, 84. Ó pariwo pé kí wọ́n dúró kí wọ́n já afẹ́fẹ́ ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní rárá, táyà tó gbóná ló ń wú, tí wọ́n bá já a báyìí, á kéré tó bá tutù. Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ti ọwọ́ òsì fi 2 ju ti ọ̀tún lọ. Ìwọ̀-oòrùn là ń lọ, òsì loòrùn ti ń ta wá.

Láti San Antonio lọ, ilẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀. Igi ń kúrú, òkè ń tẹ́ lórí bíi tábìlì, ẹ lè wakọ̀ títí kí ẹ má rí ilé kan. Máìlì 80 ní wákàtí kan lòfin gbà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi ò sì kúrò lórí 62. Àwọn àjàgbé ń fọ́n fèrè kọjá lára wa. A ti kọjá Sonora nígbà tí Ìyá Ìbejì ní, “Gbogbo wọn ń gòkè, ẹyọ kan ń sọ̀kalẹ̀.” Ẹ̀yìn, ọ̀tún, inú. Ibi tó bẹ́ lọ́jọ́sí gan-an! Ó ti wà ní 84, ó di 81, ó di 79. Ẹ̀rọ ò tíì kígbe, torí kò tíì dé 68. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Bọ̀ọ̀dá mi rọra dẹ eré, ó di 74 ká tó yà sí Ozona.

Ó wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú omi ọṣẹ. Omi náà hó rùṣùrùṣù lẹ́nu fáàfù. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀ ò di pín àárín ẹ̀ le, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dì í, ó fẹ́ táyà náà títí tó fi bá èkejì ẹ̀ dọ́gba. Nígbà tó jáde, eruku bò ó. Ìyá Ìbejì bu omi fún un, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú.” Fort Stockton la sùn. Láàárọ̀, nígbà tí táyà tutù, wọ́n tún un gééjì.

Èyí tó kù, ìgbádùn ni. Ní El Paso, a wà lórí I-10, a ń wo ilé àwọn ará Mexico ní Juárez lódìkejì odò. Ní Hatch, ní New Mexico, wọ́n ń yan ata nínú irin tó ń yí, òórùn ẹ̀ wọ inú mọ́tò, Ìyá Ìbejì ra odidi àpò. A gba Albuquerque dé Flagstaff, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó 7,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí igi páìnì sì bo gbogbo ibẹ̀, a wáá yà ní Williams lọ sí Grand Canyon.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ooru ti já sí 35. Bọ̀ọ̀dá mi ti lọ dúró létí ọ̀gbun ńlá náà, ó ń wo bí oòrùn ṣe ń pọ́n àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Òyìnbó kan tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń gbá táyà ẹ̀ nígbá igi. Ìyá Ìbejì da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó mú ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé fún un: 75 la fi kúrò ní Houston, 72 ló wà báyìí, òtútù ló fà á sílẹ̀, gíga ilẹ̀ ló sì tì í sókè díẹ̀, kò sí èyí tó ń jò. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ọ̀nà wà láti ibí lọ sí California.”