Nígbà Tí Agolo Mílíìkì Dé Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkìtìpupa nílẹ̀ Ìkálẹ̀, a mọ ojú gbogbo ẹni tó ń polówó ọjà, a sì mọ ilé wọn. Ìyá onípúpurú, ìyẹn ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ, á ti máa ké bọ̀ láti kùtùkùtù, á ní tòun gbẹ dénú, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lálẹ́ kò ní í fẹ́ dìde nídìí abọ́. Ohùn rẹ̀ dùn. A máa ń dúró gbọ́ ọ kódà bí kọ́bọ̀ kò bá sí lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, kí ìyá mi tó sanwó, yóò mú púpurú kan, yóò là á sí méjì, yóò wo àárín rẹ̀, yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ilé la ti wá mọ̀ pé kò dára, ọ̀nà ilé ìyá náà kò jìn. Bákan náà ni pẹ̀lú àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé ẹja wá láti ìhà Igbókọ̀dá. Ẹni tó bá parọ́ lọ́jọ́ ọjà yìí ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà mìíràn.

Rédíò ló yí ìyẹn padà. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, tí gbogbo wa ń fi yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Tẹlifíṣọ̀n jìnnà sí wa nígbà náà, àmọ́ rédíò alábátìrì dé Igbótako, ó dé Òde-Ìrèlè, ó dé abà tí àwọn tó ń kọ ọ̀pẹ ń sùn. Àwọn àgbà ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orin ọṣẹ ń bẹ nínú rẹ̀, orin oògùn orí fífọ́, orin bíà. Àwa ọmọdé mọ̀ wọ́n lórí ju orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ohùn tó dùn ju ti ìyá onípúpurú lọ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó lè là á sí méjì kó wo inú rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Oògùn orí fífọ́ ń wo orí fífọ́, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sì gba àwọn obìnrin lọ́wọ́ ìlàágùn tó pọ̀.

Mílíìkì ọmọdé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ohun tí ìpolówó lè ṣe sí ara ènìyàn.

Ní àwọn ọdún lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ọjà òkè òkun sì kún ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ilé ìtọ́jú aboyún tí ẹ máa wọ̀ nígbà náà tí ẹ kò ní rí àwòrán ọmọ pupa rọ̀bọ̀tọ̀ lára ògiri, agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà wa, ọ̀dọ̀ àwọn onímílíìkì ló ti wá. Káàdì tí a fi ń wọn ọmọ, orúkọ agolo wà lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń wá láti ilé iṣẹ́ náà, aṣọ funfun bíi ti nọ́ọ̀sì lọ́rùn wọn, wọ́n á bá àwọn ìyá jókòó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n á sì fi agolo kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmú kò dára. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ọmú rẹ kò bá tó, èyí nìyí. Ìyá wo ló bímọ tuntun, tí ọmọ ń ké lóru, tí kò ní í rò ó pé bóyá ọmú òun kò tó?

Ibẹ̀ ni agbára ìpolówó náà wà. Kò bá ènìyàn jiyàn. Ibi tí ìyá ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ló fọwọ́ kàn. Ó tún wọ ẹ̀wù ẹni tí ìyá fọkàn tán, ìyẹn àwa nọ́ọ̀sì. Ó sì gbé ọ̀làjú lọ́wọ́: ìyàwó olùkọ́, ìyàwó akọ̀wé, fíìdà ni wọ́n fi ń fún ọmọ wọn ní mílíìkì, ta ló wá fẹ́ máa bọ́ búbà lójú ọ̀nà bí ará oko?

Agolo ọ̀fẹ́ náà kì í pẹ́ tán. Bí ọmọ kò bá sì fa ọmú déédéé, omi ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara obìnrin nìyẹn, bí a bá ti ń fà á tó ni yóò máa wá tó. Nígbà tí agolo bá tán, ọmú ti lọ. Ó wá di dandan kí wọ́n ra òmíràn. Ẹni tó ń ta ògógóró tàbí epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà kò rí owó agolo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò wá bù ú tín-ín-rín sínú omi púpọ̀ kó lè pẹ́. Omi náà, omi odò tàbí kànga ni, igi ìdáná sì wọ́n nígbà òjò, ta ló ń se omi nígbà mẹ́fà lójúmọ́? Fíìdà ṣòro fọ̀, ọ̀rá mílíìkì a máa lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á gbẹ, àwújẹ̀ rẹ̀ á jìn wọnú, ojú rẹ̀ á sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Mo gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìyá wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ ọmọ wọn dé ibi pé wọ́n ń fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè ra agolo náà.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Dókítà Cicely Williams, obìnrin tó kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn kwashiorkor fún ayé láti Gánà, ti dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní Singapore lọ́dún 1939, ó ní àwọn tó ń fi mílíìkì agolo tan àwọn ìyá ń pa ọmọ ni. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún kí ayé tó gbọ́. Ní 1977 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọjà ilé iṣẹ́ Nestlé nítorí bó ṣe ń ta mílíìkì ọmọdé ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Àwọn tó ṣe é, ìyàwó ilé, àwọn ẹlẹ́sìn àti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ Òkìtìpupa. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní 1984 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà gbà láti tẹ̀ lé òfin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ní oṣù karùn-ún 1981. Orílẹ̀-èdè 118 ló dìbò fún òfin yẹn. Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò lòdì sí i.

Ní ti Nàìjíríà, ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ni mo máa ń rántí. Ìgbà tirẹ̀ ni ìjọba ṣe òfin kọkànlélógójì ọdún 1990 lórí títa mílíìkì tó ń rọ́pò ọmú. Òfin náà ní kò gbọdọ̀ sí ìpolówó rẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ sí agolo ọ̀fẹ́ fún ìyá ọmọ, àwòrán ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrò lára ògiri wa. Àwa fúnra wa la já wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ ó wá bi mí pé ṣé àwọn ìyá kò lè kọ̀ ọ́ fúnra wọn ni. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Àwọn wo? Àwọn tí ìyá ọkọ wọn ń gbé pẹ̀lú wọn, tí obìnrin àgbà wà nínú ilé tó lè sọ pé, "Ìyàwó mi, fi ọmú sí i lẹ́nu, yóò wá." Ọ̀dọ́ tó ti bá ọkọ lọ sí ìlú ńlá, tó ń gbé yàrá kan, tí rédíò nìkan ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, òun ni agolo mú jù. Ohun tí mo rí nìyẹn, n kò sì tíì rí ìdí láti yí i padà: ènìyàn lè kọ ìpolówó, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tó dá wà.

Àmọ́ n kò ní fi irọ́ gbé àwọn àgbà ga. Àwọn ìyá ọkọ kan náà tó kọ agolo ló tún kọ ọ̀rọ̀ wa nígbà tí a ní kí wọ́n fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìfi omi àti àgbo kún un. Wọ́n ní òùngbẹ á pa ọmọ. A bẹ̀ wọ́n, a bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ̀ kò fi dandan mọ ohun tó yẹ kó gbà. Ìwádìí ìjọba ní 2013 fi hàn pé 17 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2018, ó di 29. Ó gbéra, ṣùgbọ́n kò tó.

Ní báyìí, ìpolówó ti kúrò lára ògiri, ó ti bọ́ sínú fóònù. Ọmọ ọmọ mi kan lóyún lọ́dún tó kọjá. Kó tó sọ fún àwọn ẹbí ni fóònù rẹ̀ ti ń fi ìlédìí àti mílíìkì hàn án, nítorí ó ti fi fóònù náà béèrè nípa èébì òwúrọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìwádìí kan jáde ní 2022 láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà wà nínú wọn. Wọ́n bi nǹkan bí 8,500 òbí àti aboyún, ó sì lé ní ìdajì wọn tó ní àwọn onímílíìkì ti polówó fún àwọn. Obìnrin aláṣọ funfun ìgbà yẹn, ó kéré tán, a ń rí i nígbà tó bá ń wọlé, a sì lè ní kó jáde.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti àwọn aṣòfin gbé òfin 1990 yẹn wọnú fóònù bí wọ́n ṣe gbé e wọ ilé ìwòsàn. Kí àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí máa béèrè lọ́wọ́ aboyún, lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pé kí ni fóònù fi hàn ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ jáde lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti dábàá rẹ̀ fún àwọn tó gba ipò lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo máa ń lọ jókòó sẹ́yìn wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà ń gbé fóònù wọn sókè, wọ́n ń fi hàn ara wọn, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè pé ta ló rán èyí sí wa.