Okùn Tó Ká Le: Láti Dùgbẹ̀ dé Dáàmù Ìkéré

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí rílì ìpẹja ń ṣe, kí ó wọkọ̀ lọ sí dáàmù Ìkéré, kí ó sì gba Ìsẹ́yìn kọjá. Omi tí wọ́n sé sẹ́yìn dáàmù yẹn fẹ̀ débi pé ọ̀pá ìwọ̀ lásán, irú èyí tí a so okùn mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kò lè dé ibi tí ẹja ńlá ti ń jẹ̀. Ìsẹ́yìn ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ahunṣọ, tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ló mọ ìwà òwú. Nígbà tí àbúrò mi, ọmọ àǹtí mi kan, sọ pé òun fẹ́ ra rílì àkọ́kọ́ òun, kí n sì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lò ó, ọ̀nà yẹn ni mo mú un gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí: rílì olówó ńlá tí okùn rẹ̀ dẹ̀ kò wúlò tó rílì olówó pọ́ọ́kú tí okùn rẹ̀ ká le.

Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, la ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi rílì méjì ló wà níwájú ọlọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tó máa ń jókòó sórí ọ̀pá, tí sípúù rẹ̀, ìyẹn ibi tí okùn ká sí, máa ń yí bírí nígbà tí a bá ju ìwọ̀. Àtàǹpàkò la fi ń dá a dúró. Bí àtàǹpàkò bá pẹ́ díẹ̀, sípúù á sáré ju okùn lọ, okùn á sì lọ́ mọ́ra títí apẹja á fi wá ọ̀bẹ. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ló ni ín. Èkejì ni èyí tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá: sípúù rẹ̀ dúró sójú kan, wáyà títẹ̀ kan ló ń yí i ká láti wé okùn mọ́ ọn. Èyí ni mo ní kó mú. Ẹni tó fẹ́ pẹja lórí òkúta lónìí, nínú ọkọ̀ lọ́la, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà máa ń wà lára wọn, láti 1000 lọ sókè. 1000 kéré fún omi wa. 5000 àti 6000 jẹ́ ti etíkun, wọ́n á ti wúwo lọ́wọ́ kó tó di ọ̀sán. 2500 tàbí 3000 ló bá ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún, àti àrọ̀ tí kò tíì di bàbá mu.

Ọlọ́jà ń ka iye bíárìn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa: mẹ́ta, méje, mọ́kànlá. Mo ní kí àbúrò mi gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bíárìn mẹ́ta tó jẹ́ ojúlówó sàn ju mọ́kànlá tí yóò dípẹtà lọ, kò sì sí ẹni tó lè dúró níta fojú rí èyí tó dára nínú wọn. Ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ ni kí a wò. Mo ní kó dijú, kó yí ọwọ́ rílì náà jẹ́jẹ́; bí eyín gíà bá ń há, ara á sọ fún un. Kó mì í síwá sẹ́yìn, bóyá ó ń yẹ̀. Kó ṣí wáyà, kó sì pa á dé. Kó fi ìka ti rólà kékeré tó wà ní ìdí wáyà náà, níbi tí okùn ti ń yà wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo rólà yìí rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni okùn ń fara nù ní gbogbo ìgbà tí a bá ń ká a. Bí kò bá yí, okùn á máa họ, á sì máa lọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fún ìjánu tó wà níwájú sípúù, kó wá fa okùn: ó gbọ́dọ̀ jáde geere, kò gbọdọ̀ máa ta kìjí. Sípúù alumíníọ̀mù ni mo sì tẹnu mọ́, torí okùn tí ẹja ńlá ti fà, tí a ká padà nígbà tó ṣì le, lè fún sípúù oníke títí yóò fi là.

Rílì kẹta tí a gbé ló yege. 5.2:1 ni wọ́n kọ sí i lára: bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wáyà á yí sípúù ká nígbà márùn-ún ó lé díẹ̀. Kò yá jù, kò sì falẹ̀ jù. Ọlọ́jà náà ṣoore, ó bá wa ká okùn sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì yára ṣe é. Mo rí i pé okùn náà dẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, torí mo mọ ibi tí a ó ti tún un ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọkọ̀ ní Mọ́níyà. Kìlómítà 65 ni ọ̀nà tó gba Ìjàyè lọ sí Ìsẹ́yìn. Nígbà kan, awakọ̀ ń sá fún un. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún un ṣe, èèyàn lè sùn lórí rẹ̀. Àbúrò mi sùn ní tirẹ̀. Èmi di ọ̀pá méjèèjì mú sáàárín orúnkún kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ má baà ṣẹ́ wọn.

Ilé àwọn àna mi la wọ̀ sí. Bàbá àgbà kan nínú agbo ilé náà ti ń hun aṣọ òfì tipẹ́tipẹ́ kí n tó fẹ́ ọmọ wọn. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ká òwú sára àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sínú ọ̀kọ̀, èyí tí ahunṣọ ń sọ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ìka méjì ló fi fún òwú náà bó ṣe ń wọlé.

Bàbá wò ó, ó ní, "Fún un sí i. Òwú tó bá dẹ̀ nísinsìnyí, orí òfì ni yóò ti dá wa lóró."

A kí i, a ní ẹ kú iṣẹ́. Ó gba rílì lọ́wọ́ àbúrò mi, ó fi èékánná tẹ okùn orí rẹ̀, èékánná sì jìn wọnú.

"Ta ló bá ọ ká eléyìí?"

"Ọlọ́jà ni, Bàbá."

"Ẹ tú u."

Bàbá kò ju ìwọ̀ sómi rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò ìyẹn. Ilé iṣẹ́ òwú ni rílì tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá ti wá. Alfred Illingworth, tó ní ilé iṣẹ́ òwú onírun àgùntàn ní ìlú Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1905. Ó ti rí i lára ẹ̀rọ òwú pé òwú lè yọ́ kúrò lórí bọ́bìnnì láìjẹ́ pé bọ́bìnnì náà yí. Rílì tí àwọn apẹja ń lò káàkiri kó tó dé, sípúù wọn gbọ́dọ̀ yí kí okùn tó jáde, ohun tó wúwo ló sì lè yí i. Ìjẹ tó fúyẹ́ kì í lọ jìnnà. Illingworth dá sípúù dúró, ó kọ etí rẹ̀ sí iwájú, okùn wá ń yọ́ jáde ní òrùka òrùka. Ekòló kan àti òjé kékeré, a lè jù wọ́n dé ọ̀ọ́kán nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n torí pé kò sí ohun tó ń yí láti dá okùn náà lẹ́kun bó ṣe ń jáde, bí ó bá dẹ̀, òrùka márùn-ún á jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì di kókó lẹ́nu ọ̀pá. Ohun tí Bàbá fi èékánná rí nìyẹn.

A tú u. Mo ní náílọ́ọ̀nù tuntun lápò, èyí tó nípọn 0.30 mm, tó lè gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù 6. Mo rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọ̀. Àbúrò mi ṣí wáyà kó tó so okùn mọ́ ìdí sípúù. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ṣí i á so ó tán ni, á wá rí i pé wáyà kò rí i gbá mú. A gbé páálí okùn kalẹ̀, a dojú rẹ̀ sókè, kí okùn lè máa jáde lọ́nà kan náà tí wáyà ń gbà yí. Nígbà tó ti yí i bí ìgbà ogún, mo ní kó dúró, kó jẹ́ kí okùn náà dẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó lọ́ mọ́ra ni, à bá dojú páálí bolẹ̀. Kò lọ́. Ọmọkùnrin tó ń ká òwú fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá a fi aṣọ tútù di okùn mú láàárín ìka méjì, àwọn méjèèjì ń ká a lọ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó kù mílímítà méjì sí mẹ́ta kó kún dé etí sípúù, mo ní ó tó. Bó bá kún jù, á máa dà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá dín jù, etí sípúù á máa fà á sẹ́yìn, kò sì ní lọ jìnnà. Bàbá tún fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Kò jìn.

Lálẹ́, àbúrò mi béèrè nípa okùn híhun, tí wọ́n fi fọ́nrán wẹ́wẹ́ hun pọ̀. Ó lágbára ju náílọ́ọ̀nù tó nípọn bákan náà lọ lóòótọ́. Kì í nà, ọwọ́ sì máa ń tètè mọ̀ bí ẹja bá tọ́ ìjẹ wò. Àmọ́ ó ń yọ̀ lórí sípúù: bí ẹja bá fà, gbogbo ìdì rẹ̀ lè yí lápapọ̀, àyàfi bí a bá kọ́kọ́ ká náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sísàlẹ̀. Ó tún ń gé ọwọ́. Náílọ́ọ̀nù ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí nínà rẹ̀ ń dárí ji ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kadà ló gbé wa dé Ìkéré ní kùtùkùtù. Ìjọba Ṣéhù Ṣàgàrí ló bẹ̀rẹ̀ dáàmù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fi sé odò Ògùn. Adágún ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba omi tó tó mítà oníhà mẹ́ta mílíọ̀nù 690. Wọ́n fẹ́ kó pèsè iná mànàmáná, kó sì bomi rin oko. Èmi, ẹja inú rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọ̀n àti ìgèrè ni àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. A kí olórí wọn, a tọrọ àyè, a sì háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá kan tó mọ gbogbo ibi tí igi rírì wà lábẹ́ omi.

Kí a tó wọkọ̀, mo yá ìwọ̀n àgbékọ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan létí omi. Ó ní, "Ẹja dà?" Mo ní, "Kò tíì dé, Ìyá, rílì la fẹ́ wọ̀n." A so okùn mọ́ ìkọ́ ìwọ̀n náà, àbúrò mi gbé ọ̀pá dání, mo ń fà á. Okùn tó lè gbé kìlógíráàmù 6, ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni ìjánu gbọ́dọ̀ gbà kó tó jọ̀wọ́. A ń fún un, a ń dẹ̀ ẹ́, títí okùn fi ń jáde nígbà tí ìwọ̀n bá dé kìlógíráàmù kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ apẹja ló ń fi ọwọ́ lásán díwọ̀n èyí, okùn wọn ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀pìyà wẹ́wẹ́ la kọ́kọ́ ń rí. Bàbá ọlọ́kọ̀ wa wá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan, ó ní kí àbúrò mi ju ti ẹ̀ sí òkùnkùn abẹ́ rẹ̀. Okùn jáde geere, ó balẹ̀ síbi tó fojú sùn. Kò pẹ́ tí ọ̀pá fi tẹ̀, ìjánu bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àbúrò mi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ rílì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

"Má yí i! Jẹ́ kó lọ!"

Bí ìjánu bá ti ń jọ̀wọ́ okùn, yíyí ọwọ́ rílì kì í fa ẹja bọ̀. Okùn ló ń lọ́: gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, okùn á lọ́ nígbà márùn-ún. Ó jẹ́ kó lọ. Nígbà tó rẹ ẹja náà, àbúrò mi gbé ọ̀pá sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó sì ń ká okùn nígbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nìkan. Àrọ̀ dúdú kan ló yọ, Bàbá ọlọ́kọ̀ fi àwọ̀n gbé e. Lórí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja, ó lé ní kìlógíráàmù méjì.

Bàbá ọlọ́kọ̀ gba rílì náà, ó yí i, ó fetí sí i. Ó bi wá bóyá oòrùn máa ń pa okùn rẹ̀ bó ṣe ń pa àwọ̀n òun. Ó ń pa á, ni mo wí. Ẹ máa tọ́jú rẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ sì máa gé mítà díẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti ń họ. Ẹ má sì sọ èyí tí ẹ bá gé sómi, torí ẹyẹ odò ń kó sí i. Ó ní kí a bá òun ra ọ̀kan bọ̀.

Ní Ìsẹ́yìn, kí a tó jẹun alẹ́, àbúrò mi tọ́jú rílì. Ó fún ìjánu pa kí omi má baà wọ abẹ́ sípúù, ó rọra da omi mímọ́ sí i lára, ó fi aṣọ nù ún, ó wá dẹ ìjánu padà pátápátá kí àwọn àwo inú rẹ̀ má baà tẹ̀ pọ̀ títí di ìgbà mìíràn. Òróró ẹ̀rọ ẹ̀kán kan fún rólà, ẹ̀kán kan fún ìdí wáyà, ó tó. Gírísì jẹ́ ti eyín gíà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni. Kò gbọdọ̀ kan bíárìn tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yí padà sẹ́yìn, torí yóò máa yọ̀. Omi dáàmù kò ní iyọ̀, ó ń ṣàánú rílì. Ní Tarkwa Bay, lórí òkúta tó dá òkun dúró lẹ́nu àbáwọlé Èkó, ẹni tó bá pẹja lọ́sàn-án tí kò fi omi tútù ṣan rílì rẹ̀ kó tó sùn, iyọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ìbàdàn, kò sùn mọ́. Ó ń kọ ohun tí yóò rà fún Bàbá ọlọ́kọ̀ sórí fóònù: 4000, torí àárín omi ni Bàbá ń lọ, ẹja tó wà níbẹ̀ sì tóbi, sípúù alumíníọ̀mù, náílọ́ọ̀nù 0.35. Mo ní kí n bá a lọ sí Dùgbẹ̀. Ó ní kí n má ṣe wàhálà, òun á lọ, òun á sì sọ fún ọlọ́jà pé kó fi okùn sílẹ̀ nínú páálí. Kí òjò tó kún omi náà la dá ìrìnàjò kejì sí.